Òjìji tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi: ohun tí ojú lè máa rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátárákì

Ọ̀rọ̀ ojú ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyá mi ti dé etí ará, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í dá mi dúró ní ojúbọ tàbí ní ibùdókọ̀ láti bi mí pé, "Ìyá tiyín ńkọ́? Òjìji yẹn, ṣé ó ti lọ?" Ó ti lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe lọ, àti ohun mìíràn tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀, ló yẹ kí n kọ sílẹ̀, kí ẹni tó bá bá a pàdé lọ́la má baà ṣi ẹsẹ̀ gbé bí àwa ṣe fẹ́ ṣì í gbé.

Aṣọ funfun tí a ò mọ̀ pé ó ti pọ́n

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọbàtálá ni wọ́n ń bọ nílé tí wọ́n bí i sí, òun náà ló sì ń tọ́jú ojúbọ tiwa ní Ìsọlọ̀ títí di òní. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Aswani, níbi tí gbogbo ayé máa ń rọ́ lọ ní ọjọ́ Túsìdeè. Bí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ó ń ṣi owó fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó yẹ kó fún ní ṣéńjì ₦200, á na ₦1,000 sí i. Àwọn olóòótọ́ á dá a padà, àwọn mìíràn á fi í sápò, wọ́n á sì máa kí i pé ẹ kú ọjà. Nígbà tó yá, tó bá dá obì tán, á pè mí pé kí n wá wo bó ṣe yàn, torí kò mọ èyí tó dojú dé àti èyí tó ṣíjú sókè mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti le.

Àwọn dókítà ní kátárákì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa. Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú dúdú yẹn, lẹ́ńsì kan wà tó mọ́ gaara bí omi àmù. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ẹ̀yìn ojú kí a tó lè ríran. Bí ọjọ́ ogbó bá dé, lẹ́ńsì yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á sì ṣú, bí funfun ẹyin ṣe máa ń dì tí iná bá ti rà á. Kì í ṣe awọ tó bo ojú láti ìta, nítorí náà kò sí oògùn tí a lè kán sí i tí yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló wà fún un. Wọ́n á la ojú díẹ̀, wọ́n á ṣí iwájú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí lẹ́ńsì náà wà nínú rẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó ti dì, wọ́n á fi ẹ̀yìn àpò náà sílẹ̀, wọ́n á sì ki lẹ́ńsì tuntun bọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àpò yẹn sọ́kàn, torí a ó padà sí i.

Ike ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe lẹ́ńsì tuntun yìí. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ Harold Ridley ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ojú ènìyàn, ní ọdún 1949. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti kíyè sí i pé tí ike tí wọ́n fi bo orí ọkọ̀ òfuurufú ogun bá fọ́, tí èérún rẹ̀ sì wọ ojú awakọ̀, ojú kì í bá èérún náà jà. Ibẹ̀ ló ti rí ọgbọ́n náà. Kí ìyẹn tó dé, ẹni tí wọ́n bá yọ lẹ́ńsì ojú rẹ̀ á máa lo gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò.

Ojú òsì ni wọ́n ṣe fún ìyá mi. Iṣẹ́ náà kò gba wákàtí kan. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló fi búlúù sí aṣọ mi báyìí?" Aṣọ funfun tó wọ̀ ló ń wò. Kò sẹ́ni tó fi búlúù sí i. Lẹ́ńsì ogbó a máa pọ́n rúsúrúsú, gbogbo ohun tí ènìyàn bá sì fi wò á pọ́n díẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, funfun á padà di funfun, á tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń ṣẹ́ búlúù, títí ara yóò fi mọ́ ọn. Nígbà tí a délé, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó tú wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ti pọ́n gan-an. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé báyìí ni mo ṣe ń lọ síwájú Òrìṣà láti ọjọ́ yìí wá, tí ẹ ò sì sọ fún mi?" Mo ní Òrìṣà mọ ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí.

"Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

Inú wa dùn, a rò pé ó ti parí. Ọjọ́ kẹta ni ó yí orí padà lójijì lórí àga, ó ní, "Ta ló dúró síbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Kò sẹ́nìkan, Màámi."

Ó ní ẹnìkan wà ní ẹ̀gbẹ́ òun, lápá òsì, bí òjìji. Tí òun bá yíjú sí i, á tún sún sẹ́yìn. Kì í lọ, kì í sì í súnmọ́. Ọ̀sán gangan ló máa ń hàn jù, nígbà tí oòrùn bá mú. Mo gbé e padà sí ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹni tó dá wa lóhùn kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí ìwé tó ń kọ. Ó ní, "Ó máa lọ. Ẹ máa lọ sílé." Òótọ́ ló sọ, ó máa lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó jẹ́ fún wa. Ẹni tí wọn ò bá sì sọ ohun tó ń ṣe é fún, òun fúnra rẹ̀ á wá ìtumọ̀ sí i.

Ilé wa wá ìtumọ̀ sí i lóòótọ́. Bàbá mi, kó tó papò dà, ọ̀jẹ̀ ni. Ìrántí ọdún rẹ̀ sì ti ń súnmọ́. Àbúrò bàbá mi wá kí ìyá mi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ ò tíì sọ nǹkan kan lórí ìrántí rẹ̀, ó wá dúró ti ìyàwó rẹ̀ ni." Ẹlòmíràn ní ìyá mi ti jẹ èèwọ̀ ni, bóyá iyọ̀ ni wọ́n fi sínú oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un nílé ìwòsàn. Ìyá mi gba ti bàbá mi gbọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ tó ń bá òjìji yẹn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó ń sọ bí ọjà ṣe lọ fún un.

Ó tún kù. Ìyá mi ní ojú òsì náà ń ta òun bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Àwa méjèèjì ló jọ gbèrò pé kí a fi omi ìgbín tu ojú náà. Ta ni kò mọ̀ pé omi ẹ̀rọ̀ ni ti Ọbàtálá? Mo ra ìgbín, mo fọ ìdí rẹ̀, mo gbe omi rẹ̀ sínú àwo kékeré. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Mo ti gbé òwú lọ́wọ́ kí Bàbá Awo wa tó kàn wọlé, torí ìyá mi ti ránṣẹ́ pè é lórí ọ̀rọ̀ òjìji.

Bàbá wo àwo, ó wo òwú, ó wo mi. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Gbé e kúrò níbẹ̀. Omi ìgbín tútù lórí, ó tútù lára Òrìṣà. Ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n là lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò tíì padé. Ṣé Ọ̀sanyìn ló kọ́ ọ pé kí o fi ewé ìwẹ̀ ṣe àgbo mímu? Ohun gbogbo ní ibi tí wọ́n ń lò ó sí."

Ẹ̀yin ará, mo ń sọ ìyẹn kí ẹlòmíràn má baà ṣe é. Omi ìgbín, omi ewé, ìtọ̀, wàrà ọmú, karosíìnì pàápàá, gbogbo rẹ̀ ni àwọn dókítà ojú nílẹ̀ yìí ti rí lójú àwọn aláìsàn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí wà nínú wọn. Tí irú rẹ̀ bá gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ẹyinjú, ojú náà lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ méjì.

Ohun tí Bàbá Awo béèrè

Bàbá kò tíì tú ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ tó fi béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè. Ó ní, "Ìyá, ẹ fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?" Ìyá mi ní rárá. Ó ní, "Ẹ bo ọ̀tún, kí ẹ ṣí òsì." Ìyá mi ní ó ti padà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ yín kì í gbé inú ojú kan."

Lẹ́yìn náà ló dá Ifá. Ó fi ìbò béèrè bóyá òkú ọ̀run ni, ìbò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó béèrè bóyá èèwọ̀ ni, ìbò ní rárá. Ó ní kí a ṣe ìrántí bàbá wa bó ṣe yẹ, torí ìyẹn jẹ́ ẹ̀tọ́, kì í ṣe ìtanràn. Ó wá ní, "Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Ẹ gbé ìyá yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ojú. Bí àkọ́kọ́ ò bá sọ̀rọ̀, ẹ lọ sí ìkejì."

Dókítà kejì yìí jókòó tì wá. Ó kán oògùn tó ń la ọmọlójú, ó wo ẹ̀yìn ojú pátá, ó wọn agbára omi inú ojú. Ó ní rẹ́tínà, ìyẹn awọ tó wà lẹ́yìn ojú tó ń gba àwòrán, dára, lẹ́ńsì tuntun sì jókòó síbi tó yẹ. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orí ìyá mi lápá òsì, bí ẹni tó ń ṣíji bo ojú, ó ní, "Màmá, òjìji náà ńkọ́?" Ìyá mi ní, "Ó ti fẹ́ẹ̀ lọ."

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Lẹ́ńsì tí a bí mọ́ wa nípọn, ó sì fẹ̀. Èyí tí wọ́n fi sí i fẹ́lẹ́, ó sì kéré jù ú lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lè ṣì í yà, kí apá kan ẹ̀yìn ojú má rí ìmọ́lẹ̀ gbà. Ibi tí kò rí ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ènìyàn ń rí bí òjìji tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, lápá òde ojú. Ti ẹlòmíràn kì í ṣe òjìji rárá, ìmọ́lẹ̀ ni: á máa rí okùn iná, tàbí òrùka iná yí gílóòbù ká, tàbí kí nǹkan máa kọ mọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ ojú tí iná bá wà nítòsí. Ojú kò bàjẹ́. Bí ọ̀sẹ̀ àti oṣù bá ṣe ń lọ, ọpọlọ á kọ́ láti máa fojú fo òjìji tàbí iná náà dá, nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìtọ́jú tó fún un kò ní ariwo. Oògùn tó dà bí omijé ló fún un fún iyanrìn tó ń ta á, torí gbígbẹ ojú wọ́pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká. Ó ní tí àkókò gíláàsì bá tó, kí ó ra èyí tí férémù rẹ̀ fẹ̀ lápá ẹ̀gbẹ́, torí ó máa ń ṣíji bo ojú bí ọwọ́ tó nà yẹn. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹnìkan ti sọ fún mi pé iná lésà máa ń wo gbogbo nǹkan tó bá ṣẹ́kù lójú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì ti júwe ibi tí wọ́n ti máa ṣe é fún mi. Mo béèrè. Dókítà ní, "Ẹ má ṣe é báyìí." Ó ní ẹ̀yìn àpò tí lẹ́ńsì wà nínú rẹ̀ ni lésà máa ń lu. Àpò ìyá mi ṣì mọ́ gaara, kò sí ohun tí lésà fẹ́ wò níbẹ̀. Bí òjìji yìí bá sì wá jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba tó kọ̀ láti lọ, wọ́n lè pààrọ̀ lẹ́ńsì náà; ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lu àpò, pípààrọ̀ rẹ̀ á le, ewu rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Nínú ọkàn mi mo rò pé kò fẹ́ tọ́jú wa ni. Òní ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn gan-an ni ìtọ́jú.

Oṣù kẹrin, òjìji di fẹ́lẹ́. Oṣù keje, ìyá mi ní òun ní láti wá a kí òun tó rí i. Ọjọ́ kan, a jókòó sílé ní ìrọ̀lẹ́, ó kàn sọ fún mi pé, "O mọ̀ pé ó dùn mí díẹ̀ pé ó ti lọ?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. A ti ṣe ìrántí bàbá mi nígbà náà, ó dára, ó kún.

Nígbà tí iná Òṣòdì di ìgbálẹ̀

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí nǹkan mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. À ń bọ̀ láti òde òkú lálẹ́, a bọ́ sílẹ̀ ní Òṣòdì láti wọ ọkọ̀ Ìsọlọ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, kò lè gbẹ́sẹ̀. Ó ní gbogbo iná ọkọ̀ ló ń ya bí ọwọ̀ tí wọ́n tú, kò mọ èyí tó ń bọ̀ àti èyí tó dúró. Láàárọ̀, ó ní ojú náà dà bí ẹni ń wòran nínú èéfín. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Kátárákì ti padà dé."

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kátárákì kì í padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́, torí lẹ́ńsì tó dì yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àpò tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ló fa èyí. Bó ti wù kí oníṣẹ́ mọ iṣẹ́ tó, ìwọ̀nba èso ara tó tín-ín-rín máa ń ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ àpò náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀, wọ́n lè rá wá sí ẹ̀yìn lẹ́ńsì tuntun, kí wọ́n sì sọ ẹ̀yìn àpò tó mọ́ gaara di bàìbàì, bí gíláàsì fèrèsé tí ọ̀gìnnìtìn mú. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kátárákì. Kì í ṣe àṣìṣe dókítà, kì í sì í ṣe ìjìyà.

Èyí ni lésà wà fún. YAG ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí kí ẹ̀rù má baà ba yín. Kò sí abẹ́, kò sí abẹ́rẹ́, wọn kì í sì í dá ènìyàn dúró sùn. Wọ́n kán oògùn láti la ọmọlójú, wọ́n kán èyí tó ń mú kí ojú kú tipiri. Ìyá mi gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n fi gíláàsì kékeré kan kan ojú rẹ̀ kó má baà ṣẹ́jú. A gbọ́ tí ẹ̀rọ ń ro ta, ta, ta, bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti lu ihò sí àárín àpò tó ṣú yẹn, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n dá wa dúró fún ìgbà díẹ̀ láti tún wọn agbára inú ojú rẹ̀, torí ó lè ga lẹ́yìn lésà. Fún ọjọ́ mélòó kan ó ń rí àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó ń léfòó. Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wa, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn dáńfó kan sókè bí ọmọ iléèwé.

Ẹ rí i báyìí: ojú kan náà, ìṣòro méjì. Ọ̀kan fẹ́ sùúrù, ìkejì fẹ́ lésà. Tí a bá ti gbé lésà fún àkọ́kọ́, a ò bá ti ṣe àṣìṣe. Tí a bá sì mú sùúrù títí láé fún ìkejì, ìyá mi ì bá ṣì wà nínú èéfín. Ẹni tó bá wo inú ojú nìkan ló lè mọ̀yàtọ̀.

Àwọn mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀

Tí ojú bá ríran bàìbàì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí kò dunni, ó lè jẹ́ gíláàsì nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé àárín ìran ló ń bàjẹ́, tí ìlà tó gún ń wọ́ bí ejò, omi lè ti wú sí àárín rẹ́tínà. Ó máa ń ṣe àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà jù. Oògùn kíkán wà fún un, ó sì máa ń gba oṣù díẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní gúlókómà láti ṣọ́ra fún, èyí tó ń jẹ ìran láti ẹ̀gbẹ́ láìdunni. Ojú lè ní in pẹ̀lú kátárákì, iṣẹ́ abẹ kátárákì kò sì lè dá èyí tí gúlókómà ti jẹ padà.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe òjìji lásán ni wọ́n ń rí. Ènìyàn gidi ni, tàbí ọmọdé, tàbí ẹyẹ, tàbí ilé, wọ́n á kàn dúró láìsọ̀rọ̀. Ní ọdún 1760, ọ̀mọ̀wé kan ní Geneva, Charles Bonnet, kọ nípa bàbá àgbà rẹ̀, Charles Lullin, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ kátárákì fún un ní ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìran rẹ̀ ti tún bàjẹ́. Ó ń rí ọkùnrin àti obìnrin, ẹyẹ, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ilé gíga, orí rẹ̀ sì pé pérépéré. Ó mọ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀. Orúkọ Bonnet ni wọ́n fi ń pe ìṣòro náà di òní. Ọpọlọ tí kò rí àwòrán gbà látojú mọ́ ló ń ya tirẹ̀. Nínú ilé tiwa, wọ́n lè ní bàbá náà ti di aríran, wọ́n sì lè ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi ò sọ pé kò sí aríran láàárín wa. Mo ń sọ pé kí a kọ́kọ́ wo ojú, kí a sì jẹ́ kí arúgbó sọ ohun tó ń rí láìbẹ̀rù pé a ó kó o lọ sí ilé wèrè.

Àwọn wọ̀nyí kò gba dídúró di ọ̀la. Tí iná bá ń kọ mọ̀nà lójijì nínú ojú, tí nǹkan dúdú bá ya wọlé bí eṣinṣin, tàbí tí ohun kan bá ń bo ìran bí kọ́tìnì tí wọ́n fà, rẹ́tínà lè ti fẹ́ ya. Tí ojú bá pọ́n, tó ń dunni, tí ìran sì ń relẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ sí iṣẹ́ abẹ, kòkòrò lè ti wọlé. Tí ojú bá dunni tí orí ń fọ́ tí èébì sì ń gbé ènìyàn, agbára inú ojú lè ti ga. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ. Láti Ìsọlọ̀ tàbí Òṣòdì, LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà, níbi tí Guinness Eye Centre wà. LASUTH náà wà ní Ìkẹjà.

Ẹ má sì ṣe gbé ojú fún ẹni tó ní òun á fi abẹ́rẹ́ ti funfun náà sẹ́yìn láìlo ilé ìwòsàn. Ìṣe àtijọ́ ni, ó sì ṣì wà. Nígbà ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe ohun kan sí nítorí kátárákì ló jẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n fi tì í. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn ojú náà ló ti fọ́. Lẹ́ńsì tí wọ́n tì sẹ́yìn kò kúrò, inú ojú ló ṣubú sí.

Fún àwa tí à ń bọ

Àwọn nǹkan kan wà tí dókítà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ fún wa, torí kò mọ ohun tí à ń ṣe nílé. Mo lọ béèrè wọn fúnra mi.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má foríbalẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ fi ẹnu kí Òrìṣà, àwọn àgbà ti fún ìyá mi láàyè bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bínú. Tí ẹ bá máa fọ orí, ẹ jẹ́ kí wọ́n da omi sẹ́yìn orí, kó má kan ojú. Kí ẹfun àti osùn jìnnà sí ẹyinjú. Kí ẹni tó ń fẹ́ ọtí àti ataare síni lára má ṣe fẹ́ ẹ sójú. Kí ẹni tó ń lọ sódò lọ́jọ́ ọdún fi ọwọ́ bu omi sórí, kó má rì sínú rẹ̀ títí dókítà yóò fi ní ó tó. Kí kèrègbè omi àti ẹrù wúwo wà lọ́wọ́ ọmọ.

Tí nǹkan bá sì ṣẹ́kù lójú, ẹ lọ pẹ̀lú ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí: Ojú wo ló wà? Ṣé ó ń lọ tí mo bá bo ojú náà? Ọ̀sán ni tàbí òru? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù? Ìbéèrè Bàbá Awo wa ni wọ́n, dókítà ojú náà sì béèrè wọn. Mo rí i pé àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ìyá mi ti padà sí Aswani, ó ń ka owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ Òrìṣà tó kọjá, ó dá obì, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ti ọwọ́ mi kúrò. Ó ní, "Mo ti rí i. Ó yàn."

Kí Ọbàtálá, ẹni tó mọ ojú, má jẹ́ kí ojú wa ó fọ́. Kí Ifá tún ọ̀nà fún àwọn tó ń wo ojú wa. Àṣẹ.